Orúkọ Tí Simbiat Fi Wọlé

"Ẹ kà á sókè, bàbá," Ayọ̀tọ́lá wí. "Ẹ má fojú kà á."

Mo ti kà á dé ìdajì. Mo padà sí òkè, mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Làsísì. A gbà á wọlé. Kọ̀ǹpútà yàrá ìpòpọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sán."

"Ẹ ò rí i?" Ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ. "Ọ̀sán Jímọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rí Alhaji Làsísì nígbà tí wọ́n ń jáde lọ kírun. Ó rí wọn nígbà tí wọ́n padà dé. Láàárín méjèèjì, ẹnì kan fi orúkọ wọn wọlé, ó yí ìwọ̀n àwọ̀ búlúù padà. Gbogbo ìdérí tí a ṣe lọ́jọ́ náà, àwọn oníbàárà wa tó ń ta omi inú ìgò ti dá a padà fún wa. Alhaji ti fún ẹlòmíràn ní páásíwọọ̀dù wọn nìyẹn."

"Kí ni àwọn fúnra wọn sọ?"

"Wọ́n ní àwọn ò ní ọ̀rọ̀."

Ayọ̀tọ́lá ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ní Àgídìngbì. Ìdérí ìgò ni wọ́n ń ṣe. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló dá a sílẹ̀. Làsísì ni olórí àwọn tó ń po àwọ̀ níbẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àgbà bíi tèmi. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí Ayọ̀tọ́lá tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Láti Ọrẹ́gùn dé Agége, mi ò gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn tó mọ búlúù bíi tirẹ̀.

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo fi ìgbà èwe mi ṣe. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gba yàrá kan ní Ọ̀tígbà, láàárín àwọn tó ń ta fóònù, mo ń kọ sọ́fítíwíà. Ohun tí mo kọ kéré. Láíbìrì ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pè é. Àkójọ iṣẹ́ kéékèèké ni, tí ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà ńlá lè yá lò, kó má baà tún un kọ. Ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni tèmi máa ń dúró sí. Ènìyàn á mú orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ wá, láíbìrì á yẹ̀ ẹ́ wò, á gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí kì í gbani, tí kì í sì í kọni. Wọ́n kàn ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ni. Ọ̀kan ń ké bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọ̀kan ń kìlọ̀ bí a bá kọ ẹnì kan. Ọ̀kan ń ròyìn bí ẹnì kan bá wọlé tàbí tó bá jáde. Èyí tó kù ń ṣàlàyé wẹ́wẹ́, èmi nìkan ni mò ń kà á. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí mo ṣe dì í nìyẹn.

"Ohun tí mo fẹ́ kò le," Ayọ̀tọ́lá wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé àkọsílẹ̀ yìí kò purọ́. Alhaji á lọ sílé lónìí."

"Kò purọ́."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

"Kò sì ríran."

Ó wò mí.

"Ó sọ pé ọ̀rọ̀ ìwọlé bá orúkọ mu," mo wí. "Kò mọ ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́."

"Òfin wa wà lára ògiri, bàbá. Ẹni tó bá fún ẹlòmíràn ní páásíwọọ̀dù, ó lọ. Ẹni tó bá lo ti ẹlòmíràn, ó lọ. Ibi yòówù kí Alhaji gbà yọ, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa já sí."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù."

Ìròyìn nìkan ló ń hàn lójú ẹ̀rọ Ayọ̀tọ́lá. Nígbà tí mo bá wọn gbé láíbìrì náà kalẹ̀, ó ní ìkìlọ̀ ti pọ̀ jù, pé bí ẹnu àwọn tó ń pọn omi ní kànga ló rí. Mo kó ìkìlọ̀ sí ibi ọ̀tọ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Mo ṣí i.

Ìròyìn jọ ara wọn. Inú ìkìlọ̀ ni ènìyàn wà. Obìnrin tó ń ṣe ìṣirò owó máa ń ṣì í tẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsinmi. Muhydeen, tó ń darí ẹ̀rọ ìdérí, máa ń kánjú, á ṣì í, á sì tún un tẹ̀ kó tó mí. Ní ti Làsísì, nígbà tí a kọ́kọ́ fún un ní orúkọ, a kì í gbà á láàárọ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ rẹ̀ kún ibẹ̀ títí Ààwẹ̀ fi wọlé. Lẹ́yìn Ìtúnnu Ààwẹ̀, kò sí i níbẹ̀ mọ́. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Mo mọ ohun tí ìka àgbà ń ṣe lórí bọ́tìnì. Ìka kì í padà di ti ọ̀dọ́ láàárín oṣù kan.

Mo padà sí ìròyìn ọjọ́ Jímọ̀. Mo ka àwọn ìlà tó wà lókè ti Làsísì. Simbiat, a gbà á wọlé. Simbiat, ó jáde. Lẹ́yìn náà ni Làsísì. Kọ̀ǹpútà kan náà.

"Ta ni Simbiat?" mo bi í.

"Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ Alhaji. Ọmọ Agége. Ó ka ìwé dé Pólì."

"Ṣé orúkọ tirẹ̀ lè yí ìwọ̀n àwọ̀ padà?"

"Ó lè yí i. Èmi ni mo fún un láṣẹ. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ rí yàrá náà kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo ibẹ̀. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìpòpọ̀ tí ohùn ọkùnrin kan fi borí ariwo náà.

"Àṣàkẹ́! Méje-méje!"

Mo wọlé. Làsísì wà nídìí àgbá ńlá kan, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú kóró ike dé ìgúnpá. Kò wẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà wà lókè, lórí pèpéle irin. Obìnrin kan tó fi gèlè kékeré di irun rẹ̀ ti sáré gorí àkàbà, ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí Làsísì ké.

"Ẹ ti wọlé, ọ̀gá!" ó ké sí ìsàlẹ̀.

Muhydeen rí mi láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

"Bàbá Kọ̀ǹpútà! Ẹ káàbọ̀ sọ́jà. Wọ́n ní ẹnì kan ń ta páásíwọọ̀dù níbí. Ta ló fẹ́ rà á? Ológbò tó ń pa eku fún wa ti mọ̀ ọ́n sórí."

"Panu mọ́, Muhydeen," Làsísì wí. "Ológbò yẹn gbọ́n jù ẹ́ lọ."

"Ọ̀gá, mo gbà. Ìyẹn náà kì í san owó ọkọ̀."

Mo kí Làsísì. "Ẹ kú iṣẹ́, Alhaji."

"Ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní kí ẹ wá ká mi mọ́."

"Wọ́n ní kí n wá kàwé."

"Ẹ kà á dáadáa."

Ó padà sí àgbá rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń wọlé. Nígbà tí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ pè é. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ìwọ ni Simbiat?"

"Èmi ni, sà."

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, o fi orúkọ rẹ wọlé. O jáde. O fi orúkọ ọ̀gá rẹ wọlé."

Ó wo ibi tí Làsísì wà.

"Ìwọ̀n tí o yí padà, orúkọ tìrẹ náà lè yí i. Kí ló dé tí o fi jáde?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi léèrè pé kí ló dé tí kì í jókòó sórí àga bàbá rẹ̀.

"Mi ò tíì ṣe fírídọ́ọ̀mù, bàbá," ó wí.

Muhydeen gbọ́. "Ọdún wo ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún un? Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti ń gba ọmọṣẹ́ tiwọn o!"

Mo mọ àṣà náà. Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ọmọṣẹ́ kì í fi orúkọ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá. Bí iṣẹ́ bá dára, ọ̀gá ló ṣe é. Bí ó bá bàjẹ́, ọ̀gá ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á fún un ní irinṣẹ́, orúkọ á wá di tirẹ̀. Mi ò tíì rí àṣà náà ní ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ orúkọ ẹni sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń san owó oṣù fún Simbiat, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ní yàrá ìpòpọ̀, ọwọ́ Làsísì ni gbogbo wọn ti kọ́ṣẹ́, kò sì tíì tú u sílẹ̀. Simbiat fi orúkọ tirẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án yẹn, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe. Nígbà tó kan àwọ̀, ó jáde, ó fi ti ọ̀gá wọlé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí búlúù náà?" mo bi í.

"Àpò tuntun ni wọ́n gbé dé, sà. Àwọ̀ inú rẹ̀ ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá ti lọ kírun. Muhydeen ń pariwo pé ẹ̀rọ òun ń dúró. Mo dín in kù. Mo mú ìdérí àkọ́kọ́, mo wò ó."

"Níbo?"

"Lábẹ́ gílóòbù." Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ìta la máa ń gbé e lọ, sínú oòrùn. Òjò ń rọ̀. Lábẹ́ gílóòbù, ó dára. Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣá."

"Ṣé ọ̀gá rẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ yẹn náà ni mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n panu mọ́. Bàbá, màá lọ sókè. Màá lọ sọ pé èmi ni."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Làsísì ti dé ẹ̀yìn wa. "Padà sídìí àgbá."

Ó padà.

Làsísì ń fi àkísà nu ọwọ́. Búlúù kò kúrò nínú èékánná rẹ̀.

"Ó wà nínú ohun tí ẹ kà?" ó bi mí.

"Ó wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú tiyín."

"Ẹ fò ó."

"Mi ò lè fò ó, Alhaji."

"Ìlà mélòó ni?"

"Méjì."

"Nítorí ìlà méjì."

"Tí mo bá fo ọ̀kan, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni máa gbàgbọ́ mọ́. Tiyín náà wà nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ sọ pé ẹ kò fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ mọ́ láti ìgbà Ààwẹ̀."

Ó wo ìta. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fi ẹ̀yìn wọ inú ọgbà, ẹnì kan ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ pé kó máa bọ̀.

"Ọmọ méjì ló ń tọ́," Làsísì wí. "Bàbá wọn ti kú."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ṣì fẹ́ kà á."

"Màá kà á. Kí ló dé tí ẹ ò tíì tú u sílẹ̀?"

Ó nu ìka kan, ó tún un nu.

"Ojú mi," ó wí. "Ti ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ń rí búlúù bí eérú. Mo ṣì ń gbé ìdérí sínú oòrùn. Òun ló ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Bí mo bá tú u sílẹ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn á gbà á lọ, èmi á wá dúró síbí máa kí oòrùn."

"Ta ló mọ̀?"

"Òun. Àti ẹ̀yin báyìí."

Ó ju àkísà sílẹ̀. Ó pe Simbiat. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gòkè.

Mo kà á. Mo ka ìlà Simbiat méjèèjì, mo ka ti Làsísì, mo ka ìkìlọ̀ tó wà kí Ààwẹ̀ tó dé, mo sọ pé kò sí ìkankan lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò sọ ohun tí Làsísì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn kò sí nínú àkọsílẹ̀.

Ayọ̀tọ́lá yíjú sí Simbiat. "Ìwọ lo yí i padà?"

"Èmi ni, sà."

"Pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì ní tìẹ!"

"Kò ní," Làsísì wí.

"Alhaji, èmi fúnra mi ni mo fún un."

"Ayọ̀tọ́lá." Ọjọ́ yẹn, Làsísì kò pè é ní ọ̀gá. Ó pè é bó ṣe ń pè é nígbà tí ọmọ náà ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé kiri inú ọgbà náà. "Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ kọ́?"

"Iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ní Ṣómólú."

"Nígbà tó bá ba ìwé oníbàárà jẹ́, ta ni oníbàárà ń bá wí?"

Òfin ara ògiri wà lẹ́yìn orí Ayọ̀tọ́lá.

"Ọ̀gá rẹ̀," ó wí.

"Ó tán. Orúkọ mi ló wà lórí iṣẹ́ náà. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ojú mi ti fọ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní mo sọ, ọmọ yìí kò ní dá wà lọ́jọ́ náà."

Simbiat bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò pariwo.

"Mi ò mọ̀, Alhaji," Ayọ̀tọ́lá wí. "Nípa ojú yín."

"Mi ò fẹ́ kí o mọ̀."

"Òfin ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó fúnni àti ẹni tó lò ó."

"Òfin rẹ dára. Ẹni tó ní orúkọ ló ń bá wí. Jẹ́ kí n fún un ní tirẹ̀ kí n tó lọ. Lẹ́yìn náà, bó bá tún lo ti ẹlòmíràn, lé e."

Ayọ̀tọ́lá wò mí. Ó wo ilẹ̀, ó wá mi orí pé òun gbà.

Simbiat kúnlẹ̀ sórí táìsì. Kò sí obì, kò sí ẹlẹ́rìndòdò, kò sí mọ̀lẹ́bí. Làsísì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ojú rẹ̀ pẹ́. Ó ní ohun tó bá dára, kó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́, kó jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, láti òní lọ.

"Àmín!" ẹnì kan ké lẹ́nu ọ̀nà.

Muhydeen ni. Kò sẹ́ni tó pè é.

"Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ?" Ayọ̀tọ́lá bi í.

"Ológbò, sà."

"Jáde!"

Ó jáde, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Làsísì ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ṣíbí irin kékeré kan jáde, èyí tó fi ń bu búlúù. Etí rẹ̀ ti jẹ. Ó fi lé Simbiat lọ́wọ́.

Ayọ̀tọ́lá sọ ìpinnu rẹ̀ ní ìdúró. Alhaji á lọ lónìí, kì í ṣe lílé, fífẹ̀yìntì ni, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Simbiat gba ìkìlọ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ tirẹ̀ ni kó fi po àwọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ké páásíwọọ̀dù mọ́ ní yàrá náà.

"Ẹ ṣeun, sà," Simbiat wí. Ọ̀dọ̀ Làsísì ló kọjú sí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ayọ̀tọ́lá jókòó.

"Bàbá, ṣé láíbìrì yín lè máa ké bí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá pààrọ̀ orúkọ?"

"Kò mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ó lè sọ pé orúkọ yí padà, kọ̀ǹpútà kò yí padà."

"Ìyẹn tó. Kí ìkìlọ̀ náà padà sójú ẹ̀rọ mi."

"Ẹ ní ó ń pariwo jù."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

Mo kọ ọ́ ní Ọ̀tígbà. Mo fi kún iṣẹ́ tó ń kìlọ̀, mo dán an wò, mo gbé e lọ fún wọn. Mo ti orúkọ Làsísì pa lọ́jọ́ kan náà. Láíbìrì mi kì í pa orúkọ rẹ́. Ó ń tì í pa ni, kí ohun tó ti wà nílẹ̀ lè máa wà nílẹ̀, ẹni yòówù tó bá sì tẹ̀ ẹ́, á kọ̀ ọ́.

Mo rí Làsísì ní Agége lẹ́yìn náà. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, aṣọ funfun wà lójú rẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní kó máa retí.

"Báwo ni búlúù?" ó bi mí.

"Wọn ò dá a padà mọ́."

"Ṣé òun ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ó mi orí. A jókòó díẹ̀, mo dìde.

Láàárọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àgídìngbì, ọwọ́ kan ṣì máa ń kọ́kọ́ tẹ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, ìlà ìkìlọ̀ kan á jáde lójú ẹ̀rọ Ayọ̀tọ́lá: Làsísì, a kọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà yàrá ìpòpọ̀. Ìlà tó tẹ̀lé e ni Simbiat, a gbà á wọlé.